Epo Lójú Bíréèkì

Kùrukùru àárọ̀ kì í tètè kúrò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó máa ń gbéra láti ojú odò, á gorí àwọn páànù ògbólógbòó, á wá rọra jókòó sí àgbàlá àwọn èèyàn bí àlejò tí kò kánjú. Inú kùrukùru yìí ni Ìwàlẹwà jókòó sí lórí àpótí, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ ṣéènì alùpùpù ìyá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ṣéènì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò ní àgbàlá náà tipẹ́. Ó ti dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ti ń gun òkè, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i láyà, igi kòkó ń kọjá lọ lọ́tùn-ún lósì, kò sì sẹ́ni tó ń pè é pé kó wá gbálẹ̀.

"Ìwàlẹwà, ṣéènì yẹn ti mọ́ láti àná," bàbá bàbá rẹ̀ sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé o fẹ́ fọ irin rẹ̀ tán ni?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mo rò pé ó ṣì ku díẹ̀, Bàbá."

"Ìwọ lo ku díẹ̀. Ara rẹ wà níbí, ìyókù rẹ ti lọ sókè Ìjẹ̀ṣà."

Bàbá Ògúndìran ti ń tún alùpùpù ṣe ní Òṣogbo kó tó di pé wọ́n bí bàbá Ìwàlẹwà. Iwájú ilé gan-an ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, lábẹ́ igi odán. Ó ti tún oríṣiríṣi ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń fọ̀ yìí ló fẹ́ràn jù. Kò jọ èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń kó èrò ní Òkè-Fíà. Ó ga, ikùn rẹ̀ jìnnà sílẹ̀, ojú táyà rẹ̀ rí gbágungbàgun. Ó lè sáré lórí títì, ó sì lè wọ igbó. Àgbọ̀nrín ni wọ́n ń pè é nínú ilé náà.

Susannah, ìyá Ìwàlẹwà, ló ni Àgbọ̀nrín. Nọ́ọ̀sì ni. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń di àpótí àjẹsára tí yìnyín kún inú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù yìí, tí yóò sì gbéra lọ sí àwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí mọ́tò kì í dé. Àwọn ará abà kì í pe orúkọ rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì Alálùpùpù" ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ọmọ Iléṣà ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti kékeré. Bàbá ọkọ rẹ̀ ń bọ Ògún. Ọkọ tó so wọ́n pọ̀ ti ṣaláìsí láti ìgbà tí Ìwàlẹwà wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, síbẹ̀ àwọn méjèèjì kò fi ara wọn sílẹ̀. Bàbá máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé "uṣu" ló ṣì ń pe iṣu lẹ́yìn gbogbo ọdún tó ti lò ní Òṣogbo. Susannah á sì dá a lóhùn pé ì báà jẹ́ uṣu, ì báà jẹ́ iṣu, ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán kó fọ abọ́.

Obìnrin yìí ló ṣe ìlérí kan fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà pé ẹni ọdún méjìdínlógún, tó sì gba ìwé ìwakọ̀. Ó ní, "Tọ́jú Àgbọ̀nrín fún mi títí di ìsinmi. Bí o bá ṣe é láìsí àṣìṣe, ìwọ lo máa gùn ún láti Ìbòkun dé Ìmẹ̀sí. Èmi á jókòó sẹ́yìn bí ìyàwó."

Láti ọjọ́ náà ni Ìwàlẹwà ti ń fi ojú ọ̀sán lálàá. Ní kíláàsì, bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀ nípa òkè ayé, òkè tirẹ̀ lòun ń gùn. Bó bá ń ro ọbẹ̀, ó ń yí gíà.

Òun àti Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún agbára Àgbọ̀nrín. Wọ́n pààrọ̀ sípíríìngì iwájú sí èyí tó le díẹ̀, kí imú rẹ̀ má baà máa tẹ̀ wọlẹ̀ nínú kòtò. Wọ́n fi ike bo iwájú ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ̀ka igi má máa na ìka Susannah. Èyí tó wá dùn mọ́ ọmọ náà jù ni bíréèkì iwájú. Bí èyí àtijọ́ bá ti mu omi odò, ó máa ń pẹ́ kó tó tún mú. Bàbá rí òmíràn lára alùpùpù kan tí wọ́n ti pa tì, bíréèkì aláwo. Àwo irin pẹlẹbẹ ló ń bá táyà yí. Bí èèyàn bá fún bíréèkì lọ́wọ́, páàdì méjì á há àwo náà mọ́ àárín, bí ìgbà tí ìyá fi ìka méjì mú etí ọmọ aláìgbọràn.

"Omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan," Bàbá sọ bó ti ń de nọ́ọ̀tì rẹ̀. "Òróró nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Bí páàdì yìí bá mu omi, á gbẹ. Bó bá mu òróró, ó ti kú nìyẹn. Ṣé o ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́, Bàbá," Ìwàlẹwà dáhùn. Ká sọ òtítọ́, etí rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó kù lára rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ tí Bàbá ń bọ Ògún ìsọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì kan tí oòrùn rẹ̀ tutù. Wọ́n ti wẹ gbogbo sípánà àti òòlù, wọ́n tò wọ́n sórí àpò tó mọ́. Ẹ̀sun iṣu wà níbẹ̀, ẹmu wà níbẹ̀. Susannah, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó ń ṣe àmín sí àdúrà tó bá a lára mu, ó sì ń dákẹ́ sí èyí tí kò bá a mu.

Bàbá bu epo pupa sínú àwo kékeré, ó gbé e lé Ìwàlẹwà lọ́wọ́. "Lọ ta á sílẹ̀ níwájú Àgbọ̀nrín. Ilẹ̀ ni o. Díẹ̀ ni o." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni àwọn àgbà mẹkáníìkì ìlú wọlé, ó sì yíjú sí wọn láti kí wọn káàbọ̀.

Ìwàlẹwà nìkan ló wá kù lágbàlá pẹ̀lú àwo epo àti alùpùpù. Oòrùn ń wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú epo náà, ó ń pọ́n, ó ń tàn, ọmọbìnrin náà sì dúró tó ń wò ó. Ó ta díẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò ó pé díẹ̀ ti kéré jù fún ohun tí yóò gbé ìyá òun lọ gbé e bọ̀, tí yóò sì gbé òun náà gun òkè láìpẹ́. Ó ta sórí ẹ́ńjìnnì. Ó ta síbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára àwo bíréèkì tuntun tó ń dán gbinrin. Ó da èyí tó kù sórí rẹ̀, ó fi ìka pa á yí ká, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń para fún ọmọ jòjòló, ó ń dárúkọ ìyá rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ẹ̀bi rẹ̀ kò tíì sí níbẹ̀.

Ìgbà tó fẹ́ ti Àgbọ̀nrín wọ ibi tó máa ń sùn ló mọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Ó fún bíréèkì iwájú, ṣùgbọ́n táyà ń yí lọ ní tirẹ̀, ó fi imú sọ ògiri.

"Kí ló dé tí kò dúró?" Shalom béèrè. Ọmọ kíláàsì Ìwàlẹwà ni, iṣu ló wá jẹ, iṣu náà sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìwàlẹwà tẹjú mọ́ àwo irin náà. Ohùn Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé etí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni. Bó bá mu òróró, ó ti kú nìyẹn. Ó sáré bu omi, ó da ọṣẹ sí i, ó fọ àwo irin náà títí ó fi mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún fún bíréèkì. Táyà tún ń yọ̀.

"Mo máa lọ sọ fún Bàbá," ó wí.

"Kí o lè pàdánù Ìmẹ̀sí?" Shalom gbé iṣu rẹ̀ mì. "Màmá rẹ sọ pé láìsí àṣìṣe. Àbí kí ni wọ́n pe èyí? Bí wọ́n bá gùn ún díẹ̀ lọ́la, ooru ọ̀nà á jó epo yẹn dànù. Ta ló máa mọ̀?"

Àwọn ọ̀rẹ́ kan wà tí ìmọ̀ràn wọn kì í ṣòro fún wa láti gbà, nítorí ohun tá a ti ń sọ fún ara wa ni wọ́n ń bá wa sọ jáde. Ìwàlẹwà yọjú wo ìsọ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi bíréèkì àtijọ́ hàn wọ́n, ó ń sọ pé ọmọ ọmọ òun ló bá òun ṣe tuntun. Kò lè lọ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní òun máa sọ ọ́ tí wọ́n bá lọ. Nígbà tí wọ́n lọ, ó ní òun máa sọ ọ́ láàárọ̀.

Ní àárọ̀, kùrukùru tún ti dé. Susannah ti di àpótí yìnyín mọ́ ẹ̀yìn Àgbọ̀nrín, ó gbé oúnjẹ rẹ̀, omi rẹ̀, bàtà òjò rẹ̀, sípánà rẹ̀. Bàbá ń wò ó, ó ní, "Ilé ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti í múná roko." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè tó máa ń bi í ní gbogbo ìgbà.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé ó dára?"

Ìdáhùn náà kúrú. Òtítọ́ ì bá gùn jù ú lọ díẹ̀.

"Ó dára, Màámi."

Ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà bó ṣe ń wọ inú kùrukùru lọ, tó ń kéré sí i, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́ yàtọ̀ sí àkùkọ. Ní ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, kò lè lálàá. Ẹ̀wà tó gbé kaná jóná mọ́ ìkòkò.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Susannah sọ̀kalẹ̀ níwájú rẹ̀, gèlè rẹ̀ ló fi so ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọrùn. Àgbọ̀nrín wà lẹ́yìn, lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó láti imú dé ìrù.

"Mo wà láàyè, ẹ má sunkún," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ. Wọ́n fún un ní àga. "Ibi ìsọ̀kalẹ̀ tó lọ sí odò Abà Ọlágòkè ni. Bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ni mo ń lò lórí títì. Mo fún bíréèkì iwájú, Bàbá, ó dà bíi pé n kò fún un. Òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà, ti ẹ̀yìn nìkan ò lè mú un dúró. Mo yà á sínú koríko kí n má baà kó sódò." Ó wo àpótí àjẹsára rẹ̀. "Yìnyín yọ́ tán kí n tó rí ẹni gbé mi. Àwọn ìyá ọmọ dúró títí, wọ́n pọn ọmọ wọn padà sílé."

Bàbá kò wo alùpùpù náà rárá. Ó gba ọkọ̀, ó mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wò. Ó ní òun máa yẹ bíréèkì wò ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Wọn kò tíì kọjá orígun ilé tí Ìwàlẹwà fi gbé àpótí sípánà. Ó tú bíréèkì iwájú. Ó yọ páàdì tó ti mu epo, ó fi bẹntiróòlù nu àwo irin náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un nù, ó wá fi páàdì tuntun tí Bàbá ní kó máa bá òun tọ́jú síbẹ̀. Ó fọ ẹrẹ̀ kúrò lára gbogbo rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ìyẹn gan-an ló sì wá ń dẹ́rù bà á nígbà tó yá. Ó di páàdì àtijọ́ sínú ọ̀rá, ó tì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gun Àgbọ̀nrín yí àdúgbò ká. Ó sáré, ó fún bíréèkì iwájú, táyà dúró wámúwámú. Ó tún dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó padà dé, ojú àánú ló fi wo Susannah.

"Ìyàwó mi, bíréèkì yìí ò ṣe nǹkan kan. Ó ń mú bí ẹkùn."

Susannah gbé ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fi báńdéèjì dì sókè, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Á jẹ́ pé ọwọ́ mi ni."

Ìwàlẹwà dúró láàárín wọn, ó gbọ́ gbólóhùn náà, ó sì jẹ́ kó kọjá.

Ọrùn ọwọ́ náà san, ṣùgbọ́n Susannah kò gun Àgbọ̀nrín mọ́. Ó ṣì máa ń jí ní àkókò tó máa ń jí tẹ́lẹ̀. Á jáde sínú kùrukùru, á dúró ti alùpùpù náà, á fọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀, á la ìka rẹ̀ á sì pa á dé, bí ẹni ń bi í ní ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà á padà wọlé. Ó lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sí ìdí tábìlì ní Òṣogbo.

"Mo ti ń dàgbà, Bàbá," ó sọ fún bàbá ọkọ rẹ̀. "Ọwọ́ tó rò pé òun fún bíréèkì, tí kò sì fún un, kò yẹ kí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Lábíkẹ́, ìyá ọmọ kan ní Abà Ọlágòkè, gun òkè wá ibi tí fóònù ti ń wọlé, ó sì pè é. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé Ìwàlẹwà ń gbọ́ ọ láti ìdí àdògán. "Nọ́ọ̀sì Alálùpùpù, ṣé ẹ ti gbàgbé wa ni? Ọmọ mi ò tíì gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́sàn-án."

"Wọ́n á rán ẹlòmíràn sí yín," Susannah sọ. Kò tíì sí ẹlòmíràn tí wọ́n rí rán.

Ìwàlẹwà ṣì ń gbìyànjú láti lálàá. Á pa ojú dé, á gbéra ní Ìbòkun, á bẹ̀rẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá dé ibi tí igi kòkó ti pàdé lókè ọ̀nà, á bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀ tó jókòó sínú koríko, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè kọjá lára rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Shalom. Shalom ní kó fara balẹ̀, pé ohun gbogbo ló máa ń rọlẹ̀. Lóòótọ́, ó ń rọlẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń rọlẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi kù sí dẹ̀dẹ̀, Susannah pe ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀gbẹ́ni Micah tó ń ta pákó fẹ́ ra Àgbọ̀nrín. Ọ̀la ló ń bọ̀." Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú. "Mo mọ̀ pé mo ṣe ìlérí fún ọ. O ṣe ipa tìrẹ, èmi ni n kò lè ṣe tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé ọ dé òkè yẹn. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Ìyá ló ń bẹ ọmọ. Ìwàlẹwà la ẹnu, omi ojú ló jáde. Susannah rò pé nítorí Àgbọ̀nrín ló ṣe ń sunkún, ó fà á mọ́ra, èyí sì burú ju ẹgba lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Micah dé ní àárọ̀, ọkùnrin tó sanra tó sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yí alùpùpù náà po. Ó fún bíréèkì, ó tẹ ìjókòó. Ó wá béèrè ohun tí ẹni tó bá gbọ́n máa ń béèrè.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ fi ń tà á? Kí ni àbùkù rẹ̀?"

"Kò ní àbùkù kankan," Susannah dáhùn. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo ní àbùkù. Ọwọ́ mi ò lágbára tó ni mo ṣe ṣubú."

"Irọ́ ni, Màámi."

Gbogbo wọn yíjú. Ìwàlẹwà ti sáré wọlé, ó ti jáde, ọ̀rá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tutù, ó tú ọ̀rá náà. Páàdì méjì ló wà nínú rẹ̀, ó dúdú, òórùn epo tó ti kan sì gba àgbàlá.

"Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni." Ó sọ ọ́ tán pátápátá: epo, ọṣẹ, ògiri tí táyà sọ, "ó dára" tó dá wọn lóhùn, páàdì tó pààrọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọsibítù. Kò dárúkọ Shalom. Shalom kọ́ ló ní ẹnu tó fi purọ́.

Bàbá mú páàdì kan, ó gbé e sí imú, ó fi àtàǹpàkò pa á. Ó wá rọra jókòó sórí òkúta, ó dà bí ẹni tí ọdún púpọ̀ ṣubú lù lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo fi ẹnu ara mi sọ fún ìyá rẹ pé bíréèkì ò ṣe nǹkan kan," ó ní. "O gbé irọ́ sí mi lẹ́nu, mo sì sọ ọ́ jáde. Ta ní sọ fún ọ pé Ògún ń mu epo lójú bíréèkì? Ilẹ̀ ló ti ń mu ún. Ilẹ̀ ni mo wí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

Ṣùgbọ́n Susannah kò tíì wo ọ̀dọ̀ wọn. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó ń pa á dé, ó ń là á.

"Ṣé pé mo fún un?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Lọ́jọ́ yẹn. Ṣé mo fún un lóòótọ́?"

"Ẹ fún un, Màámi. Ẹ fún un dáadáa."

Nígbà náà ni obìnrin tó ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sunkún bú sẹ́kún. Ó sunkún náà títí. Nígbà tó nu ojú, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ìbẹ̀rù ló mú ọ purọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo mọ ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mò ń dúró ti alùpùpù yìí. Ṣé o rí mi?"

"Mo rí yín."

"O sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

Susannah mi orí. Kò sọ pé òun dárí jì í ní ọjọ́ náà, kò sì yẹ kó sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Micah dé fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ó dà bíi pé ẹ ò tà mọ́."

"A ò tà," Susannah sọ.

Ìjìyà Ìwàlẹwà kò ní ariwo nínú. Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ Àgbọ̀nrín lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń fọ̀ ọ́, ó ṣì ń fi òróró sí ṣéènì, ṣùgbọ́n Bàbá ló ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láti nọ́ọ̀tì dé nọ́ọ̀tì, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ìsinmi dé, kò gun alùpùpù náà dé ibì kankan. Ìyá rẹ̀ ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́: kó wá sí Abà Ọlágòkè, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn ìyá ọmọ ìdí tí abẹ́rẹ́ ọmọ wọn fi pẹ́.

Bó ṣe dé òkè náà nìyẹn. Ó wọ mọ́tò dé ibi tí mọ́tò ń dé, ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ibẹ̀ lẹ́wà ju bó ti ń rí i nínú àlá lọ. Kùrukùru wà láàárín àwọn òkè, igi kòkó pàdé lókè ọ̀nà lóòótọ́, ẹyẹ kan sì ń ké níbi tí kò ti lè rí i. Ó ń rìn, ó ń la òógùn, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lọ sọ wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju ẹrù tó gbé lọ.

Ó sọ ọ́ lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń sá kòkó. Àwọn obìnrin náà gbọ́ ọ títí dé òpin. Lábíkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ láti èjìká kan sí èkejì.

"Ọmọ mi wà láàyè, Ọlọ́run ló ṣe é," ó wí. "Bí ó bá jẹ́ pé àìsàn ti mú un láàárín ìgbà yẹn ńkọ́? Nígbà mìíràn, ọmọ, tètè sọ. Tètè sọ, kó tó di ẹrù ẹlòmíràn."

Ìró ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lókè. Gbogbo wọn jáde. Susannah ló yọ lórí ìsọ̀kalẹ̀ náà, àpótí yìnyín lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ lókè. Láti ìsàlẹ̀, Ìwàlẹwà rí i tó la ìka rẹ̀, tó tún pa á dé. Lẹ́yìn náà ó forí lé ọ̀nà náà, ó ń bọ̀ láàárín òkúta, ó ń fún bíréèkì, ó ń tú u sílẹ̀, ó ń fún un, títí Àgbọ̀nrín fi dúró létí odò gan-an, tí omi ń ṣàn kọjá níwájú táyà rẹ̀. Àwọn ọmọdé sáré lọ pàdé rẹ̀, wọ́n ń pe Nọ́ọ̀sì Alálùpùpù. Ìwàlẹwà dúró sẹ́yìn wọn, ó ń sunkún, inú rẹ̀ sì dùn.

Kò sí ọ̀dọ́ tí kì í ṣe àṣìṣe. Epo tó dà sójú bíréèkì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Bàbá ì bá fi tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ìbáwí díẹ̀ lórí rẹ̀. Ìdákẹ́ ló sọ ọ́ di ọwọ́ tó rọ, ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́, àti ìyá tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bí o bá fi àṣìṣe rẹ pamọ́, ẹnì kan á gbé e fún ọ, ó sì lè jẹ́ ẹni tí o fẹ́ràn jù lọ láyé.